Bí mo ṣe ń di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ kí n tó gbéra ní Kétu

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, sípóòkù mẹ́ta, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ etí rẹ̀, já ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi láàárín Kétu sí Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin. Èyí àkọ́kọ́ já kí n tó dé Ìdígní. Mo gbọ́ ọ, "táń!", mo rò pé òkúta ló ta bá irin, mo ń gun lọ ní tèmi. Nígbà tí ìkejì já, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́gọwọ̀gọ, ó ń ha bíréèkì. Ìkẹta já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan. Ìgbà yẹn ni mo sọ̀kalẹ̀, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ tòun ti ẹrù nínú eruku pupa títí mo fi rí bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Bàbá náà kò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rárá. Ó lọ síwájú, ó ki ìka méjì bọ abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé e. Ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ìgbálẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ta ló di ẹrù yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o rí i? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ru ìwọ àti ẹrù. Ti iwájú ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń rìnrìn àjò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Kétu níbí. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ kí àwọn èèyàn mi: mo ti gùn ún lọ sí Àjàṣẹ́, mo gba Pọ́bẹ̀ àti Ìtakété tí ìwé ìjọba ń pè ní Sakété kọjá, mo sì ti gùn ún lọ sí Sábẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Kẹ̀kẹ́ àlòkù ni, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun sí Kùtọnù, irin rẹ̀ nípọn, táyà rẹ̀ fẹ̀ tó milimítà 40. Kẹ̀kẹ́ tó dáa ni. Kò sí ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò mọ ibi tó yẹ kí n gbé ẹrù sí.

Ẹrù ọjọ́ náà kò ju kílò 24 lọ. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti oko wá ná ọjà Kétu ń ru jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí. Àmọ́ orí èèyàn ní ọrùn tó ń tọ́ ọ sọ́tùn-ún tọ́ ọ sósì, káríà, irin tí a ń di ẹrù sí lára kẹ̀kẹ́, kò ní ọrùn. Gbogbo kílò 24 yẹn ni mo kó sórí káríà ẹ̀yìn, mo to wọ́n lérí ara wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká mi, mo fi okùn gbá wọn pọ̀, mo ní ó ti parí. Láti Kétu ni kẹ̀kẹ́ ti ń sọ fún mi pé kò dáa. Tí mo bá yà sọ́tùn-ún, ẹrù á kọ́kọ́ dúró, lẹ́yìn náà á wá ya tẹ̀lé mi, á sì kọjá ibi tí mo fẹ́. Tí mo bá ń gun òkè, ẹsẹ̀ iwájú á fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa ṣe bó ṣe wù ú. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ara kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n. Mo gbà pé bí ẹrù ṣe máa ń rí nìyẹn.

Gbogbo sípóòkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já lápá ọ̀tún, apá tí ṣéènì wà. Bàbá sọ ìdí rẹ̀ fún mi bó ṣe ń tú u. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, eyín tí ṣéènì ń gùn ti gba ààyè lápá ọ̀tún, nítorí náà sípóòkù apá yẹn kò ráyè fẹ̀ síta bíi ti òsì, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n sì ní láti fà wọ́n le ju ti òsì lọ kí ẹsẹ̀ tó lè tọ́. Èyí tó ti le tẹ́lẹ̀ ni ẹrù wá ń tẹ̀ tó ń tú, tẹ̀ tó ń tú, nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá yí. Bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́ wáyà nìyẹn, tó bá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún títí. Ó sì tún burú nítorí pé apá yẹn gan-an ni kò ṣeé tún ṣe lójú ọ̀nà: wọ́n ní láti tú eyín kúrò kí wọ́n tó rí ihò tí wọ́n á ki tuntun bọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá yẹn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Kétu, mo fẹ́ mọ iye tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rù gan-an. Kò ṣòro. Mo lọ bá àwọn tó ń ra àgbàdo nínú ọjà, mo bẹ̀ wọ́n kí n lo òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò, ìyẹn tó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lé orí òṣùwọ̀n, kí ẹ wá bíríkì tàbí pákó tó ga bákan náà sábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kí kẹ̀kẹ́ lè tẹ́jú. Ẹ gùn ún, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó gan-an, ọwọ́ yín níbi tó máa ń wà, kí ẹnì kan fi ìka lásán gbá èjìká yín kí ẹ má baà ṣubú. Kó má gbé yín sókè o. Ẹ ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Lẹ́yìn náà ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà, kí ẹsẹ̀ iwájú wá sórí òṣùwọ̀n. Tí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n yín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ẹrù. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti fara ti ẹni tó di yín mú.

Ohun tí mo rí rèé. Kílò 68 ni mí nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ jẹ́ 17, àpapọ̀ 85. Láìsí ẹrù rárá, iwájú ru 36, ẹ̀yìn ru 49. Ìyẹn ni pé kí a tó gbé ohunkóhun lé e, ẹ̀yìn ti ń ru jù, nítorí ìjókòó sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo di kílò 24 náà bí mo ṣe dì í lọ́jọ́ Sábẹ, iwájú di 34, ẹ̀yìn di 75. Ẹ tún un wò dáadáa. Mo fi kílò 24 kún ẹrù kẹ̀kẹ́, iwájú wá fúyẹ́ ju ìgbà tí kò sí ẹrù lọ! Ìdí ni pé ẹrù kọjá nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ sẹ́yìn. Ẹ ti rí àwọn ọmọdé tó gbé pákó gùn lórí ìtì igi, tí ọ̀kan jókòó lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Ìtì igi yẹn ni àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ohunkóhun tó bá kọjá rẹ̀ sẹ́yìn á tẹ ẹ̀yìn, á sì gbé iwájú.

Lónìí, pẹ̀lú kílò 24 kan náà, iwájú kẹ̀kẹ́ mi ń ru 49, ẹ̀yìn ń ru 60. Kílò 15 ló kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Sípóòkù kan kò já mọ́ láti ìgbà náà. N kò ní kí ẹ bá iye yìí mu géérégé. Tí iwájú bá ru bí ogójì sí márùnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀, tí ẹ̀yìn ru ìyókù, kẹ̀kẹ́ á tẹ́ yín lọ́rùn.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni káríà iwájú. N kò rí èyí tó bá kẹ̀kẹ́ mi mu rà, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin. Irin róbótó milimítà 6 ni a lò. A tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹsẹ̀ iwájú bí igun mẹ́rin, kí àpò lè rọ̀ mọ́ ọn, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé àárín àpò bá nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ dọ́gba. Nǹkan méjì ni kí ẹ dúró lé lórí níbẹ̀. Èkíní, ẹ má gbà kí wọ́n jó irin mọ́ irin méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Iná máa ń sọ irin yẹn di aláìlágbára, tó bá sì kán nígbà tí ẹ ń sáré, ojú ni ẹ máa fi balẹ̀. Bóòtù ni kí wọ́n fi dì í, pẹ̀lú ìdè irin tí ẹ fi rọ́bà túùbù wé lábẹ́ kó má baà yọ̀. Èkejì, kí irin kan gba orí táyà kọjá láti òsì sí ọ̀tún, kó so méjèèjì pọ̀. Láìsí ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan á máa mì lọ́tọ̀, lọ́jọ́ kan á sì wọ inú sípóòkù. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín àpò àti sípóòkù nígbà tí àpò kún. Káríà tèmi wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀. Mo fi ìwé méjì àti bàtà kan sílẹ̀ nílé láti fi dí i, mi ò sì kábàámọ̀.

Àpò ńkọ́? Ti ẹ̀yìn, télọ̀ ló fi tapólì rán an fún mi. Ti iwájú, bídọ́ọ̀nù òróró onígun mẹ́rin, lítà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo gé lórí, mo sì fi tapólì ṣe ìdérí rẹ̀. Ó le, omi kò wọ̀ ọ́, òkúta tó bá ta bá a kò rí i ya. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ní ó jọ kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gbé epo bẹntiróòlù, àwọn aṣọ́bodè á dá mi dúró. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi dúró.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo sì máa ń pín ẹrù sọ́nà méjì: ohun kékeré tó wúwo lápá kan, ohun ńlá tó fúyẹ́ lápá kejì. Ohun kékeré tó wúwo ni ó ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́ tàbí kó tún un ṣe, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ibùgbé fún. Gàrí kílò 2, ẹ̀wà, ìkòkò àti sítóòfù kékeré, epo pupa lítà 2 láti Pọ́bẹ̀ tí mo máa ń gbé lọ fún àwọn ará Sábẹ, ìwé tí mo fẹ́ kà: gbogbo ìwọ̀nyí, ìsàlẹ̀ àpò iwájú ni wọ́n ń lọ, kílò 5 lọ́tùn-ún, kílò 5 lósì. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á wúwo. Á wúwo díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá tí ẹ bá ń rọra lọ tàbí tí ẹ ń yí po. Ṣùgbọ́n tó bá ti sún mọ́ àárín ẹsẹ̀, tó sì wà nísàlẹ̀, ńṣe ló ń mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Ẹrù kan náà, tí ẹ bá gbé e kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lókè, á máa fì yín kiri. Nítorí náà àpò ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kílò 2 ni mo fún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: fóònù, owó, káàdì ìdánimọ̀, búrẹ́dì, aṣọ òjò.

Ibi tó dára jù lára kẹ̀kẹ́ ni igun mẹ́ta tó wà láàárín irin, lábẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí, níwájú ẹsẹ̀ yín. Ó wà nísàlẹ̀, ó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kò sí ní ọ̀tún, kò sí ní òsì. Ibẹ̀ ni omi wà, nítorí lítà omi kan kílò kan ni, ibẹ̀ sì ni sípánà, túùbù àti pọ́ǹpù wà. Omi tí ẹ bá ń mu láti àárín, bó ṣe ń tán lọ kò ní jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan fúyẹ́ ju èkejì. Mo rí àwọn tó ń kọ́ ike omi lítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ kan káríà. Wọ́n á tẹ̀ sápá kan láàárọ̀, wọ́n á tẹ̀ sápá kejì lálẹ́, ọrùn àti ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n, wọn ò ní mọ ohun tó fà á.

Ohun ńlá tó fúyẹ́ ló lọ sẹ́yìn: aṣọ, bàtà, aṣọ ìbora, ẹ̀fọ́ gbígbẹ tí ìyá mi kò lè ṣe kó má dì fún mi. Kílò 3 àti ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àgọ́ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí káríà, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò ga ju ìjókòó lọ. Nínú àpò ẹ̀yìn pàápàá, èyí tó wúwo nínú wọn máa ń lọ sí ìsàlẹ̀, lápá tó sún mọ́ ẹsẹ̀ yín, kó má kọjá àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: gìgísẹ̀. Tí àpò bá sún síwájú jù, gìgísẹ̀ á máa gbá a nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà. Tí ẹ bá sì tì í sẹ́yìn jù, ẹ ti padà sí ọ̀ràn ìtì igi àti pákó. Mo ní kí télọ̀ gé igun ìsàlẹ̀ iwájú àpò náà dànù, kó rán an gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó parí. Ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan dì í mú, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an. Bàtà ni kí ẹ lò o, ẹsẹ̀ lásán kúrú ju bàtà lọ.

Ọ̀tún àti òsì. Níwájú, n kì í gbà kí ìyàtọ̀ wọn ju ìdajì kílò lọ, nítorí iwájú ni a fi ń darí. Lẹ́yìn, kílò kan kò burú. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n oníkọ́, ẹ gbé àpò méjèèjì lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ dijú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ tún dúró. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé gbogbo rẹ̀ lé e, ẹ dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e nàró, ẹ fi ìka méjì péré di ìjókòó mú, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń fẹ́ dà sí apá kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ti bàbá: ẹ ki ìka méjì bọ abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e. Tó bá gbéra wẹ́rẹ́, ẹ padà sórí ẹní, ẹ tú u.

Ó ku dídì. Okùn oní-ìkọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìkọ́ rẹ̀ máa ń yọ lórí ọ̀nà tó ní kòtò, ó sì lè ta sí ojú èèyàn. Rọ́bà túùbù alùpùpù ni mo ń lò. Ẹ la túùbù àlòkù, ẹ gé e ní gígùn tó fẹ̀ tó ìka méjì. Bí mo ṣe ń dì í rèé: mo fi ẹnu rọ́bà kan so mọ́ irin káríà ní kókó, mo fà á títí gígùn rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì, mo gbé e kọjá lórí àgọ́, mo gba abẹ́ irin òdìkejì, mo tún fà á padà wá. N kò ta ìparí rẹ̀ ní kókó. Mo gbé ìtẹ́ rọ́bà tó kẹ́yìn sókè pẹ̀lú àtàǹpàkò, mo ti ẹnu rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì jù ú sílẹ̀. Fífà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí mo bá fẹ́ tú u, mo kàn fa ẹnu rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ sí ẹnu rọ́bà kankan tó ń jò wálẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Sípóòkù á gbá a mú, á wé e, ẹsẹ̀ á dúró gbàgà. Oòrùn máa ń mú rọ́bà sán, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Lẹ́yìn dídì, ẹ fi ọwọ́ gbá ẹrù sọ́tùn-ún sósì gan-an. Kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó mì, kì í ṣe ẹrù lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ wo ara káríà yín, ọ̀pọ̀ ló kọ iye kílò tó lè gbé síbẹ̀. Lára ti ẹ̀yìn tèmi, 25 ni wọ́n kọ. Ẹ má rù ú tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà tó ní kòtò, torí nígbà tí ẹ bá já sí kòtò, káríà kò mọ̀ pé 25 ni ẹ wọ̀n nílé.

Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ le ju ti iwájú lọ. Tèmi, atẹ́gùn bárì (òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn táyà) 4 àti ààbọ̀ lẹ́yìn, 3 àti ààbọ̀ níwájú, n kò sì kọjá iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n atẹ́gùn, kó gùn ún pẹ̀lú ẹrù, kí ẹlòmíràn wo táyà: tó bá tẹ́ sílẹ̀ jù, kò tó.

Ẹ má gbé e jáde lọ sọ́nà Pọ́bẹ̀ tààrà. Mo máa ń gùn ún ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ìdajì wákàtí. Mo máa ń yí po bí ẹni ń kọ òǹkà mẹ́jọ (8), mo máa ń fún bíréèkì lójijì láti mọ bó ṣe ń dúró, torí pẹ̀lú ẹrù kò ní dúró níbi tó máa ń dúró sí, kí n sì dìde lórí pẹ́dà bí ẹni ń gun òkè. Tó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́wọ́ pinpin. Ẹ fi orúnkún méjèèjì fún irin òkè kẹ̀kẹ́, ẹ rọra fún bíréèkì, á rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dúró kí ẹ wá ohun tó fà á: àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹrù orí káríà ló ń mì, tàbí bóòtù káríà ló ti tú.

Bóòtù yẹn! Kílómítà márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ dúró kí ẹ fún gbogbo rẹ̀. Bóòtù tuntun máa ń jókòó lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti gbọ̀n díẹ̀. N kì í fo èyí, òjò ì báà máa rọ̀.

Níbi tí ọ̀nà wa bá ti gba ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọjá, láàárín Pọ́bẹ̀ sí Kétu, ẹ ṣọ́ra ní àkókò òjò tí ẹ bá yà kúrò lórí ọ̀dà. Amọ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí iyán. Táyà á kó o, á kún abẹ́ mọ́gáàdì, ẹsẹ̀ kò ní yí mọ́. Àpò ìsàlẹ̀ iwájú pàápàá á bá a kan. Èyí ni àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí lára kí ẹrù wà nísàlẹ̀: òkúta, ẹrẹ̀ àti omi tó gba ojú ọ̀nà kọjá máa ń bá a. Mo fara mọ́ ọn. Igi kékeré kan wà lára kẹ̀kẹ́ mi tí mo fi ń ha ẹrẹ̀ kúrò, tí omi bá sì wọ́ kọjá lójú ọ̀nà, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹsẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá tó jẹ́ pé káríà ẹ̀yìn nìkan ló ní ńkọ́? Ẹ má dì ju kílò 12 sí 15 lọ fún ọ̀nà jíjìn. Ẹ rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún igun mẹ́ta àárín irin, kí ẹ kó ohun tó wúwo síbẹ̀, kó má kàn fẹ̀ débi tí yóò fi máa ha orúnkún yín. Lórí káríà, ẹ kọ́ àpò méjì sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ẹ to nǹkan sókè, kí ẹ sì tì wọ́n síwájú títí gìgísẹ̀ yín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n. Ẹ má gbé àpò wúwo kọ́ ẹ̀yìn ara yín. Ìjókòó ló ń ru ú náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń ru ìjókòó, ẹ kàn fi kún gíga rẹ̀ ni, ẹ sì fi ìrora kún èjìká yín.

Sípóòkù mẹ́ta tó bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mi mu, apá ṣéènì, wà lára irin kẹ̀kẹ́ mi títí di òní, mo fi rọ́bà wé wọn mọ́ ọn. Ọwọ́ bàbá yẹn ni mo ti rà wọ́n.

Ẹrù tí ẹ dì láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ máa bá lálẹ́. Ẹ ti jẹ gàrí, aṣọ ti tutù, ẹnì kan ti fún yín ní iṣu. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n fún mi ní iṣu méjì ní Sábẹ ní alẹ́ tí mo fẹ́ padà, iṣu ńlá, kílò 3 àti ààbọ̀ lápapọ̀. Epo pupa ti kúrò, nítorí náà ààyè wà níwájú. Ní àárọ̀, kí oòrùn tó ran orí àwọn òkè ńlá Sábẹ, mo ti iṣu kan bọ ìsàlẹ̀ àpò ọ̀tún níwájú, èkejì sí òsì, mo kó ìwé lọ sẹ́yìn. Mo di ìjókòó mú pẹ̀lú ìka méjì. Ó dà sọ́tùn-ún díẹ̀. Mo yọ ìkòkò kúrò lọ́tùn-ún, mo gbé e sí òsì, mo tún dì í mú. Ó dúró. Mo lọ kí àwọn ará ilé pé ó dàbọ̀, mo sì gùn ún.